Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí skríìptì Perl mi ń fi Faransé kọ déètì

Wọ́n máa ń ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Irọ́ ni o. Kòtò tí mo jìn sí lọ́dún 2015 ní Badagry níbí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tún lọ jìn sí i ní Túsìdeè tó kọjá, ojú mi ló sì ṣe, àní mo dúró lẹ́yìn ẹ̀ tí mo ń wò ó bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n jókòó kọ èyí sílẹ̀, kí ẹnu mi lè sinmi.

Mi ò ní kọ́ yín ní Perl, èdè tí mo fi ń kọ skríìptì. Larry Wall ti gbé e jáde látọdún 1987, ìwé ẹ̀ kún ilẹ̀. Ẹni tó bá ń ka èyí á ti mọ̀ pé òdo ni localtime, àṣẹ Perl tó ń sọ ọjọ́ àti aago, ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù, pé ọdún tó bá sì mú wá, èèyàn gbọ́dọ̀ fi 1900 kún un. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ò tíì mọ ìyẹn, ẹ lọ kà á ná kẹ́ ẹ tó padà wá. Ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi scalar localtime sínú Date tó wà lórí ímeèlì. Ohun tó máa gbé jáde fún yín, èèyàn lè kà á, àmọ́ kò ní kọ́mà, kò sì sọ aago ilẹ̀ ibo ni. RFC 5322, ìwé ìlànà ímeèlì tó jáde lọ́dún 2008, ti sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí:

Thu, 05 Mar 2015 06:00:01 +0100

Tiwa ní Nàìjíríà ni +0100 yẹn, a kì í sún aago síwájú sẹ́yìn bíi àwọn òyìnbó, kì í yí padà láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà. Ẹ má kọ WAT, orúkọ aago ilẹ̀ wa, síbẹ̀, kò sí lára orúkọ tí wọ́n gbà. Ẹ má sì fi ọwọ́ kọ +0100 sínú kóòdù tó bá jẹ́ pé sáfà yín wà ní Amẹ́ríkà o, torí aago tí wọ́n ṣètò sórí sáfà ni localtime ń wò, kì í ṣe èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́ yín.

Ìkejì ni strftime, àṣẹ tó ń to déètì sílẹ̀ bí èèyàn bá ṣe fẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí.

strftime("%a, %d %b %Y %H:%M:%S %z", localtime)

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn gan-an nìyẹn. %a ni orúkọ ọjọ́, %b ni orúkọ oṣù. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé èdè tí kọ̀ǹpútà bá ń sọ ni àwọn méjèèjì yìí máa ń sọ.

Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Iṣẹ́ skríìptì mi ni pé láago mẹ́fà àárọ̀, cron, ètò tó ń jí iṣẹ́ ní aago tá a bá dá fún un, á jí i, á wo ẹrù tí kọ́sítọ́ọ̀mù ti fi sílẹ̀, á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín pé kó wá gbé e kí owó ibi ìkẹ́rùsí tó gun orí ara wọn. Kọ̀ǹpútà tá a fi ṣe sáfà, tòkúnbọ̀ ni, Kútọnu ni ọ̀gá ti lọ rà á torí ó pọ́ọ́kú, ẹni tó sì gbé Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí ẹ̀ ti yan Faransé fún un. Èmi ò gbọ́ Faransé, ni mo bá fi export LC_ALL=C, tó ń dá èdè padà sí Gẹ̀ẹ́sì, sínú .bashrc tèmi, fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ fún èmi nìkan tí mo bá wọlé, ayé bá tutù. Mo fi ọwọ́ ara mi rán lẹ́tà náà wò bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, Thu ń jáde, Mar ń jáde, mo bá fọ́nnu fún gbogbo ọ́fíìsì pé mo ti parí iṣẹ́.

Cron ò mọ .bashrc mi rí. Ohun tó wà ní /etc/default/locale, fáìlì tó sọ èdè gbogbo kọ̀ǹpútà náà, ló ń lò ní tiẹ̀, Faransé ló sì wà níbẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́fà, tí mo ṣì ń hanrun, skríìptì mi á di ará Kútọnu:

Date: jeu., 05 mars 2015 06:00:01 +0100

Oríṣi orúkọ kan ṣoṣo ni RFC gbà, ti Gẹ̀ẹ́sì, Mon dé Sun, Jan dé Dec, ì báà jẹ́ ará Ṣáínà ló ń kọ lẹ́tà sí ará Ṣáínà, torí ẹ̀rọ ló ń kà á. Ti oṣù Fẹ́búárì tún wá burú jù, févr. ni Faransé ń kọ, lẹ́tà tó ní àmì lórí kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú Date rárá.

Ohun tó pa mí ni pé nǹkan kan ò pariwo. Lẹ́tà ń lọ, log, ìyẹn àkọsílẹ̀ sáfà, ń sọ pé ó ti lọ. SpamAssassin, ètò tó ń ṣa spam sọ́tọ̀, ní òfin kan tó dìídì wà fún irú èyí, INVALID_DATE ni wọ́n pè é, ẹ̀yin ẹ fojú inú wo iye lẹ́tà tó ti bá a lọ sínú spam. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé àwọn ò gbọ́ nǹkan kan, èmi náà ń fi log hàn wọ́n, mo ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé, mo ní kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ímeèlì. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìyá kan tó ń tajà ní Agbálàtà ló tú u. Ó ní kí ọmọkùnrin tó wà ní káfẹ́ bá òun tẹ lẹ́tà náà jáde tòun ti gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀, ó gbé bébà náà síwájú mi, ó ní, "Ọmọ mi, jeudi lèyí o, Tọ́sìdeè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì. Ìgbà wo lẹ di ará Bẹ̀nẹ̀?" Ìyá tí mo ti sọ fún pé kò mọ ímeèlì lò!

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi yọ owó ibi ìkẹ́rùsí yẹn nínú owó oṣù mi. Ẹni tó lọ ra kọ̀ǹpútà Faransé, wọn ò yọ kọ́bọ̀ nínú tiẹ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, mo mọ̀ pé kóòdù èmi ni, àmọ́ mi ò tíì gbàgbé.

Oògùn ẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: setlocale(LC_TIME, "C") kẹ́ ẹ tó pe strftime. Tàbí kẹ́ ẹ fi Email::Date::Format, mọ́dù Perl kan, sí i kẹ́ ẹ máa pe email_date, òun gbé orúkọ oṣù tiẹ̀ sápò, kì í bi kọ̀ǹpútà léèrè èdè. Ìyẹn ni mò ń lò láti ìgbà náà.

Ìkẹta tí mo fẹ́ sọ, òun náà ni mo ti ń sọ bọ̀ yìí: ibi tí skríìptì máa ti ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti dán an wò. Ẹ jẹ́ kí cron pe àṣẹ locale, tó ń sọ èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò, kó tẹ ohun tó bá sọ sínú fáìlì kan, kẹ́ ẹ kà á.

Ọmọ ọ̀dọ̀ mi yẹn, nígbà tó parí ní Túsìdeè, ó ní, "Ọ̀gá, ó ń ṣiṣẹ́." Mo bi í pé èdè wo ni kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín, inú ẹ̀ dùn gan-an, ó ní Yorùbá ni, òun ti fi yo_NG sí i. Mi ò lè bínú sí ìyẹn. Mo ní kó jẹ́ kí cron rán an sí èmi fúnra mi láago mẹ́fà, ká jọ ṣí orí lẹ́tà náà wò kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.