Orí Ẹ̀rọ Ń Lọ, Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Dúró: Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Tèmi

Kílò 138 ni gbogbo ohun tí èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì lè kó kúrò ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àpótí méjì-méjì ni tíkẹ́ẹ̀tì wa fàyè gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpótí kan ò sì gbọdọ̀ ju kílò 23 lọ. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní la ń lọ bá bàbá wọn ní Winnipeg, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Aránṣọ ni mí. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń fi bírò àti ìwé ṣe àyẹ̀wò ọdún tiwọn, orí ẹní ni mo ti ń ṣe tèmi, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ẹrù. Ọjà Ọba l'Ádó ni mo ti rà á. Ohun tí mo bá fi kọ́ ọ, á sọ iye kílò rẹ̀ fún mi. Kì í sọ èyí tó yẹ kí n mú.

Mo ti rò pé ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ló máa jẹ́ wàhálà ọdún yìí. Ó dé lóṣù kẹsàn-án, a jó, a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kejì ni wàhálà gan-an bẹ̀rẹ̀: kí la fẹ́ kó, kí la fẹ́ fi sílẹ̀, ta la sì fẹ́ fi í sílẹ̀ fún?

Ẹ̀rù ebi la kọ́kọ́ fi di ẹrù. Màmá mi gún ata, wọ́n yan ègúsí, wọ́n sá irú títí ó fi gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé gàrí àti ẹ̀lùbọ́ wá láti Ìlawẹ̀. Aládùúgbò wa kan gbé ẹmọ́ gbígbẹ mẹ́fà wá, ó fi bébà sìmẹ́ńtì wé wọn dáadáa. Nígbà tí mo fi òṣùwọ̀n kọ́ gbogbo rẹ̀, kílò 61 ni, oúnjẹ nìkan.

Mo pe bàbá àwọn ọmọ. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé gàrí wà ní Winnipeg, ẹ̀lùbọ́ wà níbẹ̀, iṣu pàápàá wà, owó rẹ̀ ló kàn wọ́n. Wọ́n ní ẹran ìgbẹ́ ò ní kọjá lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, àti pé erùpẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ara iṣu pàápàá, òfin Kánádà ò gbà á, nítorí kòkòrò àti àrùn tó lè bá a wọlé. Oúnjẹ yòówù tí èèyàn bá gbé, dandan ni kó sọ fún wọn lẹ́nu ibodè. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè san owó ìtanràn. Bí kílò 61 ṣe di kílò 9 nìyẹn. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ ní odindi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ẹmọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà se ọbẹ̀, a fi jẹyán, gbogbo ilé yó. Mo rí wọn nídìí odó tí wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. Mo kọ ọ́ síbí torí pé ó wà lára ọdún mi.

Ohun tó ń lo iná ló rọrùn jù láti yọ kúrò. Iná tiwa nílé, fólítì 230 ni. Ti Kánádà, 120 ni, ẹnu púlọ́ọ̀gì wọn náà sì yàtọ̀. Nígbà tí bàbá wọn ń lọ, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dání. Wọ́n ra ohun tí wọ́n fi ń yí ẹnu púlọ́ọ̀gì padà, iná áyọ́ọ̀nù náà tàn lóòótọ́, àmọ́ ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò lè na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan. Agbára tó ń rí gbà lọ́hùn-ún ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń rí gbà níbí. Bí mo ṣe gbọ́ èyí ni mo yọ áyọ́ọ̀nù tèmi, bùlẹ́ńdà àti fáànù kékeré. Ẹ̀rọ wíìfìn mi, èyí tó ń rán etí aṣọ kó má bàa tú, tí mo fi owó àjọ ọdún méjì rà, oníná lòun náà. Mo tà á lóṣù kẹwàá fún aránṣọ kan l'Ádó. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò ronú lé e lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé ò gba àkókò. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ìgbéyàwó, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ, èsì ìdánwò wọn láti ilé ìwé, wáẹ̀kì mi: inú báàgì ọwọ́ ni gbogbo wọn wà, nítorí àpótí lè sọnù lójú ọ̀nà. Mo yọ ìwé fíríìdọ́ọ̀mù mi kúrò nínú férémù onígíláàsì tó ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù láti ọdún 14 sẹ́yìn. Ibi tí férémù náà wà ṣì funfun lára ògiri.

Kí n tó lè ka tèmi, mo ní láti dá ti olóhun padà. Gbogbo aránṣọ ló mọ ohun tí mò ń wí. Aṣọ oníbàárà 17 ló wà lórí àgbékọ́ mi tí olówó wọn ò wá gbà, òmíràn ti lo ọdún mẹ́ta. Mo pe nọ́ńbà, nọ́ńbà ò lọ. Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi, ó ní wọ́n ti kó kúrò nílé yẹn. Nígbà tó yá, mo kó wọn sínú báàgì kan, mo sì ń gbé wọn káàkiri ìlú fúnra mi ní ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíì sanwó tó kù, ẹlòmíì ò ní, mo fún un bẹ́ẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan wà l'Úró tí wọ́n ran bùbá àti ṣòkòtò lọ́wọ́ mi fún ayẹyẹ kan. Wọ́n ti kú kí aṣọ náà tó jáde, mi ò sì gbọ́. Mo débẹ̀, mo kí wọn ẹ kú ilé, mo béèrè bàbá, ilé dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ọmọ wọn ọkùnrin àgbà gba aṣọ náà, ó wọ̀ ọ́ lójú gbogbo wa. Apá rẹ̀ kúrú díẹ̀. Mo ní kó bọ́ ọ fún mi. Mo tú etí apá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fa aṣọ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ síta, mo tún un rán, mo sì gbé e padà láàárọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rán lọ́dún yìí, òun ni ọkàn mi balẹ̀ lé lórí jù.

Ó wá ku Butterfly. Ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú tí ẹsẹ̀ ń wà ni, Màmá fi owó kòkó rà á fún mi lọ́dún tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù. Gbogbo ayé ló ní kí n fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Àbúrò mi, irin lo fẹ́ gbé wọ bàálù? Ṣé wọn kì í ta ẹ̀rọ níbẹ̀ ni?" Mo ní wọ́n ń tà á, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí òwú fẹ́ já lára tèmi kó tó já, ìró rẹ̀ ló ń sọ fún mi. Oṣù àkọ́kọ́ tí mi ò ní mọ ẹnikẹ́ni, tí mi ò ní mọ ọ̀nà, tí òtútù ibẹ̀ lè lọ dé 30 nísàlẹ̀ òdo, mo fẹ́ kí ohun kan wà nínú ilé tí ọwọ́ mi mọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ ń wà kò béèrè fólítì. Àmọ́ tábìlì rẹ̀ àti ẹsẹ̀ onírin yẹn ò ṣeé gbé lọ. Mo gbé e tọ bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe l'Ádó. Wọ́n yọ bẹ́líìtì, wọ́n tú ìdè méjì tó so orí mọ́ tábìlì, wọ́n sì so ọwọ́ irin kan mọ́ táyà rẹ̀ kí n lè máa fọwọ́ yí i. Iṣẹ́jú ogún ò pé. Mo wo orí náà lọ́tọ̀, mo wo ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, n kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ dán an wò." Mo dán an wò. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọwọ́ òsì mi tó kọ́ bí òun nìkan ṣe máa darí aṣọ, torí ọwọ́ ọ̀tún ti di ẹsẹ̀. Kọ́là ṣì ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà mìíràn, síìpù ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà gbọọrọ ti ń dúró bó ṣe yẹ.

Orí náà jẹ́ kílò 12, ó ju ìdajì àpótí kan lọ. Mo nu epo ara rẹ̀ gbẹ, mo fi aṣọ òfì ìgbéyàwó mi wé e, èyí tí mo ti fẹ́ fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí ó wúwo. Ó ti rí iṣẹ́ ṣe báyìí. Àlùmọ́gàjí mi àti abẹ́rẹ́ ń bá a lọ nínú àpótí tó ń lọ sínú ikùn bàálù, torí wọn ò ní jẹ́ kí n gbé àlùmọ́gàjí ńlá bẹ́ẹ̀ jókòó láàárín èrò. Ẹsẹ̀ àti tábìlì, mo fún ọmọ iṣẹ́ mi tó gba fíríìdọ́ọ̀mù lóṣù kọkànlá. Òun ló máa wá orí tirẹ̀.

Ìwé kan wà tí àwọn aṣọ́bodè Kánádà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó lọ gbé ibẹ̀, BSF186 ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà méjì lo máa pín ẹrù rẹ sí: èyí tó bá ọ wọlé, àti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ tìrẹ, tó ti wà lọ́wọ́ rẹ, tí o sì ti lò kí o tó dé, ìyẹn ni wọ́n ń fún láyè láti wọlé láìsan owó ibodè, bí kò bá ti kọjá ààlà tí òfin fi sí i. Èyí tí o kò bá kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó bá dé lẹ́yìn náà, wọ́n lè gba owó lé e lórí. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ "tí o sì ti lò" yẹn. Ògbólógbòó nǹkan ló ní iyì níbẹ̀, èmi tí mo sì ti ń bẹ̀rù pé wọ́n máa fi ojú àlòkù wo ẹrù mi.

Sábẹ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, mo kọ ìkòkò amọ̀ méjì láti Ìṣàn, aṣọ òfì tó kù, àti odó kékeré. Màmá ní kí n kà á fún wọn. Mo kà á. Wọ́n ní, "Ta ló máa kó o kúrò ní ulé yìí wá bá ọ?" N kò ní èsì. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìwé náà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tí n kò kọ sí apá kankan ni ọpọ́n ayò bàbá bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ kí n gbé e lọ, kí àwọn ọmọ lè mọ orísun wọn. Mo ní rárá. Òfin orílẹ̀-èdè wa ò tilẹ̀ fẹ́ kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin nìkan ni mo rò. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà, ọba ìlú wa yìí, kó tó di 1920: ọba jókòó ní apá kan, Captain Ambrose, òyìnbó ìjọba, wà ní apá kejì, àwọn èèyàn ń gbé e. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní London, lọ́dún 1924. British Museum fẹ́ ẹ, wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà, London ló sì wà títí di òní. Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn yìí, ọdún yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn mí. Ọpọ́n ayò wa kò tó ilẹ̀kùn ààfin, àmọ́ àwọn bàbá mẹ́rin kan ń ta á lábẹ́ igi níwájú ilé wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn yìí. Ó pe bàbá rẹ̀, ó ní ọpọ́n ayò ò bá wa wá. Bàbá rẹ̀ ní ẹyin lọ́hùn-ún, méjìlá-méjìlá ni wọ́n ń kó o sínú páálí, ihò mẹ́fà síhìn-ín, mẹ́fà sọ́hùn-ún. Wọ́n ti tọ́jú páálí kan dè é.

Kílò 131 ló wà nílẹ̀ lálẹ́ òní. Mo fi kílò méje tó kù sílẹ̀ fún Màmá, wọ́n ní àwọn ṣì ń ronú.

Lánàá mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kọjá nírọ̀lẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ti rí orí kan rà, ó ti gbé e lé tábìlì mi. Láti ojú títì ni mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, ó ṣì ń ké níbi tó máa ń ké sí bí a bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo dúró títí ó fi rán ìlà kan tán, ó gé òwú, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. N kò wọlé. Mo gba ọ̀dọ̀ oníbọ́tìnnì lọ, mo ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ páálí méjì, mo sì mú òróró kékeré kan ránṣẹ́ sí i kó fi sí ẹsẹ̀ yẹn.