Òkè St. Helens ní ìlẹ̀kùn mẹ́ta, èyí tó tì ni mo kọ́kọ́ kàn

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn òkè wa rí yóò mọ ìdí tí mo fi gbà pé kò sí òkè kankan tó lè kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo kó dé Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, tí àwọn ará ibi iṣẹ́ ń sọ fún mi pé kí n lọ wo Mount St. Helens, òkè ayọnáyèéfín kan níbẹ̀, mo ní òkè náà ni òkè ń jẹ́. Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo kó ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì àti Màmá mi tó wá kí wa láti ilé sínú ọkọ̀. A gbé ráìsì kúlà kan. A gbé ìgò omi kéékèèké mẹ́fà fún èèyàn márùn-ún. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mo tẹ orúkọ òkè náà sínú fóònù, mo sì ń tẹ̀lé obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. A dé Castle Rock, a yà sí ọ̀nà 504, a ń gùn lọ. Johnston Ridge ni mo ní lọ́kàn, ilé ìwòran tó kọjú sí ẹnu kòtò òkè náà gan-an, tí ọ̀pọ̀ fọ́tò tí mo ti rí ti wá. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé, ọ̀nà tì. Ilẹ̀ ti ya ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó sì gbé afárá kan lọ, mọ́tò kò sì lè kọjá mọ́. Ká ní mo wo ìkéde àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú méjì péré kí n tó jáde nílé, ǹ bá ti mọ̀. Màmá wò mí. "O ò béèrè ọ̀nà?" Mo ní mo béèrè lọ́wọ́ fóònù. Ńṣe ló kàn mirí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn mẹ́ta ni òkè yìí ní. Ti ìwọ̀ oòrùn ni Castle Rock àti ọ̀nà 504, ibẹ̀ lẹ máa gbà dé adágún Coldwater. Ti gúúsù ni ẹ ó gbà láti ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cougar, ibẹ̀ ni ihò Ape Cave wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó fẹ́ gùn ún dé orí ti ń gbéra. Ti ìlà oòrùn ni Randle, tí ẹ ó gbà lọ sí ibi ìwòran Windy Ridge. Lórí máàpù, wọ́n súnmọ́ra bí ojú àti imú. Ẹ gbìyànjú láti fi mọ́tò lọ láti Coldwater sí Windy Ridge lọ́jọ́ kan náà, ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà lẹ máa lò ọjọ́ yín tán sí. Ìlẹ̀kùn kan lọ́jọ́ kan, ó tó.

Ohun tó gbà wá lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀nà ẹsẹ̀ Hummocks, tó wà kí a tó dé ibi tí ọ̀nà ti tì. Máìlì méjì ó lé díẹ̀ ni, ó yípo padà síbi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Àwọn gegele ló kún ibẹ̀, òmíràn ga ju ilé alájà lọ, àwọ̀ wọn pọ́n, àwọn kan rí bí eérú. Mo rò pé òkè kéékèèké ni wọ́n, àfìgbà tí mo ka pátákó tó wà níbẹ̀. Ara òkè ńlá náà ni wọ́n! Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, òkúta yíyọ́ gbéra láti abẹ́ ilẹ̀, ó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ àríwá òkè náà síta, ó wú bí oówo. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 32 láàárọ̀ Sunday, 18 oṣù karùn-ún, ilẹ̀ mì tìtì, oówo náà sì já. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn ya lulẹ̀. Nínú gbogbo èyí tí ẹ̀dá kọ sílẹ̀, kò tíì sí òkè tó ya tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ ṣe ṣí, ooru àti gáàsì inú rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, síwájú, kì í ṣe sókè nìkan. Igbó tó tó 600 kìlómítà níbùú lóròó ló wó tàbí kú. Èèyàn 57 ló kú. Òkè tó ga tó 9,677 ẹsẹ̀ bàtà di 8,363.

Ká ní ọjọ́ Monday ni, àwọn agégi tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó yẹn ì bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àmọ́ ìtàn ìparun yìí ló ba ìwòran jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tiwa náà jẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti retí iná. Ó ti retí ilẹ̀ dúdú. Ohun tó rí ni igi alder, koríko, ọ̀pọ̀lọ́ nínú àwọn kòtò omi tó wà láàárín gegele. "Dádì, ṣé ibi tó jóná náà nìyí?" Ó já a kulẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀ láti lọ wo àjókù, ẹ̀yin náà á ní ìjákulẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ lọ wò ni bí ilẹ̀ ṣe ń jí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyẹn sì wà. Ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màmá ló kọ́ mi ní ìyẹn. Oṣù kẹsàn-án la padà lọ, lọ́tẹ̀ yìí sí Windy Ridge. Mo wo ìkéde ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo tún un wò láàárọ̀. Mo ra epo kún táńkì ní Randle torí pé lẹ́yìn ibẹ̀ kò sí ilé epo, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fìlà, dígí ojú. Dígí náà kì í ṣe fún fáàrí o: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gbé eérú, kò sì sí ibòji kankan.

A dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí ewéko kan pọ̀ sí, tó kúrú, tí ewé rẹ̀ ní irun funfun lára. Òdòdó rẹ̀ ti rẹ̀ dànù, èso ló kù. Màmá, tó ti ń dáko láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fojú wo èso náà, ó ní: "Ẹ̀wà nìyí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣọ́ igbó obìnrin kan wà nítòsí tó ń bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀, mo bá túmọ̀ rẹ̀ fún un bí ẹni tó ń pa àwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni ìyá mi sọ. Lupine ni wọ́n ń pè é, ẹbí ẹ̀wà ni lóòótọ́. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pumice Plain, tí iná àti òkúta gbígbóná bò mọ́lẹ̀ pátápátá, òun ni ewéko tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí, kò tíì ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn tí òkè bú. Ìdí ni pé gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀, ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rá kankan á wá ní in. Màmá ní kí n sọ fún un pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń gbin ẹ̀wà sí oko tó ti ṣá.

Ẹ̀ṣọ́ náà wá sọ ti ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní gopher. Ẹ fọkàn wo òkété, àmọ́ kó kéré jù ú. Nínú ihò lọ̀pọ̀ wọn wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, iná kọjá lórí wọn. Nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ jáde, wọ́n ń da ilẹ̀ àtijọ́ pọ̀ mọ́ eérú, irúgbìn sì rí ibi hù. Màmá mirí, ó ní: "Òkété ló kọ́kọ́ ro oko náà."

Láti ọjọ́ yẹn, ìlànà tí mo fi ń rìn níbẹ̀ ni pé, tí mo bá rìn wákàtí kan láì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ti ń yára jù.

Ní adágún Meta, tó wà lójú ọ̀nà kan náà, ẹ ó rí àwọn igi tó ti wà kí òkè tó bú. Yìnyín ló ṣì bò wọ́n lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n kéré. Èyí tó ga kọjá yìnyín kú. Èyí tó kúrú yè.

Ẹ̀bi tèmi náà nìyí. Mo fẹ́ ya ìyàwó mi ní fọ́tò kí òkè hàn lẹ́yìn rẹ̀, mo bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ìṣísẹ̀ bíi mẹ́ta. Ẹ̀ṣọ́ yẹn kan náà ló pè mí. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí pé Màmá wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń ka ewéko níbẹ̀ láti ọdún 1980, níbi tí ẹsẹ̀ èmi àjèjì kò gbọdọ̀ dé. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ má mú ajá lọ. Ẹ má mú òkúta: ọmọbìnrin mi ti fi òkúta fúfúyẹ́ kan, irú èyí tó máa ń léfòó lórí omi, sínú àpò, a ní láti dá a padà, ó sì sunkún.

Àtẹ̀gùn Windy Ridge jẹ́ 368. Ọmọ Ìdànrè, ẹ̀rín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwa, òkúta ni. Tibí, igi ni wọ́n fi há òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ra, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ìdajì rẹ̀ á yọ̀ padà. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ lẹ nílò, òkúta yẹn á kún inú bàtà èyíkéyìí tó bá ṣí sílẹ̀.

Màmá kò gùn ún. Ó jókòó sísàlẹ̀, ó ń wo adágún Spirit Lake. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ní: "Afárá yẹn ti kúrò níbi tó wà." Kì í ṣe afárá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi tó wó lọ́dún 1980 ni, tí wọ́n ṣì ń léfòó lórí omi títí dòní, afẹ́fẹ́ ló ń tì wọ́n láti etí kan dé èkejì. Lábẹ́ omi yẹn ni ilé ìtura bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Harry Truman wà (kì í ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́ o, orúkọ ló papọ̀), ẹni ọdún 83 tó kọ̀ láti kúrò, òun àti ológbò 16. Màmá dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ní kí òun fi ilé òun sílẹ̀ náà, òun ò mọ ohun tí òun máa ṣe.

Àwọn Cowlitz, tí wọ́n ti ń bẹ nítòsí òkè yìí kí òyìnbó tó dé, Lawetlat'la ni wọ́n ń pè é, èyí tó ń rú èéfín. Mo sọ fún Màmá. Ó ní, "Ayọnáyèéfín náà kọ́ nìyẹn?"

Ní ti ìlẹ̀kùn gúúsù, mi ò ní sọ púpọ̀. Ape Cave kò ní ọ̀bọ kankan nínú, ọ̀nà tí òkúta yíyọ́ gbà ṣàn ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn ni. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù bó tiẹ̀ jẹ́ oṣù kẹjọ, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì méjì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe iná fóònù, tèmi kú síbẹ̀. Ẹ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Orí òkè náà gan-an, mi ò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó bá máa kọjá 4,800 ẹsẹ̀ bàtà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ó sì tètè ń tán.

Màmá ti padà sílé. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ń bọ̀, kó jẹ́ oṣù keje, torí òun fẹ́ rí òdòdó ẹ̀wà yẹn kó tó rẹ̀. Kí n wá bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀ de òun. Nọ́ńbà 39.