Ẹ má fi ọjọ́ kan wo gbogbo mùsíọ́ọ̀mù Halifax

Nígbà tí màmá mi wá kí wa ní Halifax, ní Kánádà, ìkánjú ni mo fi ṣe wọ́n lálejò. Mo kọ orúkọ ibi mẹ́rin sínú fóònù mi, mo ní a máa wo gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan: Citadel, Maritime Museum of the Atlantic, Pier 21, ká tó wá fi Africville kádìí rẹ̀. Ìfẹ́ ló mú mi ṣe é, àmọ́ mo ṣì í ṣe.

Orí òkè Citadel la ti bẹ̀rẹ̀. Odi àwọn ológun ni, ó rí bí ìràwọ̀, ọdún 1856 ni wọ́n sì kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí parí. Agogo méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa ń yin àgbá níbẹ̀ lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ Kérésìmesì. N kò sọ fún màmá. Bó ṣe dún báyìí, wọ́n kígbe “Jésù!”, wọ́n sì gbá ọmọ mi mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá mú àgbàlagbà tàbí ọmọdé dání, ẹ tètè sọ fún wọn kí agogo tó lù.

Ká tó dé Maritime Museum létí omi, ẹsẹ̀ ti ń ro wọ́n. Mo ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, màmá, ó ku méjì.” Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ti dúró síwájú gíláàsì kan. Bàtà ọmọdé ló wà nínú rẹ̀, awọ búráùn, kékeré tó lè gbé orí àtẹ́lẹwọ́. Sidney Goodwin, ọmọ oṣù mọ́kàndínlógún, ló ni ín. Inú ọkọ̀ Titanic tó rì lọ́dún 1912 ló kú sí, Halifax sì ni wọ́n kó òkú púpọ̀ wá. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n sun aṣọ àwọn òkú kí àwọn èèyàn má bàa máa kó o lọ. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ ò lè fi bàtà yẹn sínú iná. Ó kó o pamọ́ sínú tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Màmá ní, “Ìyá rẹ̀ ńkọ́?” Mo sọ fún wọn pé ìyá, bàbá àti gbogbo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá omi lọ. Wọ́n káwọ́ lérí. Ibẹ̀ la wà títí, a ò sì dé Pier 21 lọ́jọ́ náà.

Látìgbà yẹn, ibì kan lọ́jọ́ kan ni mò ń lọ. Mo sì ń jẹ́ kí ẹni tí mo mú dání yan ohun tó fẹ́ dúró wò, torí ohun tí ọkàn rẹ̀ bá mú ni yóò mú relé.

Ọjọ́ kejì la lọ sí Pier 21, èbúté àtijọ́ tó ti di mùsíọ́ọ̀mù. Láti 1928 dé 1971, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọ Kánádà. Ẹni tó bá ti tò fún físà rí, ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀ máa yé e láìsí àlàyé.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ ráàyè fún, ẹ fi Citadel sílẹ̀, ẹ lọ sí Africville. Abúlé àwọn èèyàn dúdú ni, létí omi Bedford Basin. Wọ́n ń san owó orí, ìjọba ìlú ò fa omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ààtàn ni wọ́n gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, wọ́n wó abúlé náà, wọ́n sì fi ọkọ̀ akólẹ̀ kó ẹrù àwọn kan. Màmá tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta: “Ọkọ̀ akólẹ̀ kẹ̀?” Òru ni wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́dún 1967. Ọdún 2010 ni olórí ìlú tó tọrọ àforíjì, wọ́n sì tún ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ́. Òun ni mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Ẹ wo ìkànnì wọn kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ sì mú ẹ̀wù òtútù, atẹ́gùn ibẹ̀ le.

Ẹ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Obìnrin tó gbà wá bi màmá pé ibo ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní Abẹ́òkúta, ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ Freetown. Lọ́dún 1792, èèyàn dúdú bí 1,200 wọ ọkọ̀ ojú omi 15 láti Halifax lọ sí Sierra Leone, àwọn ló sì tẹ Freetown dó. Freetown yìí ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi tirẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn, ti padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta.

Aké, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún màmá mi. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ n jókòó.” Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n ní kí n tún ọdún yẹn pè. Mo ní 1792. Wọ́n yọ bírò nínú báàgì, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orin wọn.