Iyanrìn tí mo ń fowó rà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi pè mí lórí fídíò WhatsApp, wọ́n bá mi níbi tí mo ti kúnlẹ̀ ní pálọ̀, tí mo fi omi tutù rin ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tí mo ń fi ha kápẹ́ẹ̀tì.

"Kí lo sọnù?"

Mo ní irun ajá ni mò ń kó. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ajá? Nínú pálọ̀?"

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Nílé wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ajá ò mọ bí pálọ̀ ṣe rí. Tanímọ̀la (bàbá wa ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí aládùúgbò kan lè máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́), inú kéèjì lẹ́yìnkùlé ló ń gbé lọ́sàn-án. Bó bá di alẹ́, wọ́n á tú u sílẹ̀ kó máa ṣọ́lé. Ológbò ní tiẹ̀ ń wọlé torí eku, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ yàgbẹ́, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ, á gbẹ́lẹ̀, á bò ó. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bí adìẹ bá ṣu sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, eérú la ó dà lé e, a ó fi páálí kó o. Sìmẹ́ńtì nilẹ̀. Garawa omi kan, ọṣẹ díẹ̀, ìgbálẹ̀. A ó gbá omi náà gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, oòrùn á ṣe ìyókù.

Ní Leeds níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí àtẹ̀gùn. Kápẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kí nǹkan lọ. Irun, ìtọ̀, gààrí tí ọmọ dà sílẹ̀ níjọ́sí, gbogbo rẹ̀ ló ń tọ́jú pa mọ́. Ajá Ìbàdàn àti ajá Leeds, ajá kan náà ni. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ eégbọn. Nílé, a ó já a létí Tanímọ̀la, a ó jù ú sínú kẹrosíìnì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn tibí kéré, wọ́n sì ń fò. Èyí tẹ́ ẹ rí lára ajá ò tó nǹkan. Ẹyin wọn àti àwọn ọmọ wọn wà nínú kápẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti ran òwú bora, oògùn ò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n. Wọ́n lè sinmi níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ẹsẹ̀ ènìyàn á fi mi ilẹ̀, kí wọ́n tó jáde wá jẹun. Òtútù ìta ò kàn wọ́n, ṣebí èmi ni mò ń sanwó iná tó ń mú ilé móoru. Ẹ̀rọ agbálẹ̀ ni mò ń fà lójoojúmọ́, mo sì ń fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ajá ń sùn lé. Mo tún ń ṣọ́ra, torí oògùn eégbọn ajá tó bá ní permethrin (èròjà apakòkòrò kan) nínú lè pa ológbò.

Ohun tó dùn mí jù ni ti oògùn ìfọlẹ̀. Mo gbé ìgò kan wá láti ilé, irú èyí tó máa ń funfun bíi wàrà bí ẹ bá dà á sómi, tí òórùn rẹ̀ á ti sọ fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà pé ilé yìí mọ́. Ológbò wa tọ̀ sí kọ̀rọ̀, mo dà á sí i. Nígbà tí mo sọ fún dókítà ẹran, ó mirí. Ó ní ẹ̀dọ̀ ológbò ò lágbára láti fọ́ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní phenol tó wà nínú oògùn náà. Bí ológbò bá tẹ̀ ẹ́, tó lá ẹsẹ̀, ó ti jẹ májèlé nìyẹn. Omi ìfọtọ̀ tó ní ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń fọ́ ìtọ̀ sí wẹ́wẹ́) ni mò ń lò báyìí. Kò ní òórùn kankan, n kò sì tíì gbà lọ́kàn mi pé ilé mọ́.

Níta ńkọ́? Ẹni tí ajá rẹ̀ bá ṣu tí kò kó o, owó ìtanràn tí wọ́n sáábà ń bù fún un jẹ́ £100. Nítorí náà, èmi tí Màámi ń kì láràárọ̀, mo ń gbé ìgbẹ́ ajá tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú láílọ́ọ̀nù kiri nínú òjò. Àmọ́ lórí èyí, Gẹ̀ẹ́sì jàre. Gọ́tà ni ti Tanímọ̀la ń lọ, àwa ọmọdé ń sáré láìwọ bàtà níbẹ̀, a sì ń mu oògùn aràn ní gbogbo ìsinmi.

Ti ológbò, inú agbada kan nínú ilé ló ń ṣu sí. Nígbà tí ìyàwó mi lóyún, agbẹ̀bí bi wá bóyá a ní ológbò, ó ní kí ìyàwó mi má fọwọ́ kan agbada náà, nítorí àrùn tó lè ran ọmọ inú. Ìgbẹ́ náà máa ń tó ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó lè ranni, nítorí náà kí wọ́n máa kó o lójoojúmọ́. Iṣẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọmọ ọ̀hún ti ń lọ sí ilé-ìwé, kò sì sẹ́ni tó gbà á padà lọ́wọ́ mi.

Màámi ní kí n fi ohun tó wà nínú agbada hàn wọ́n. Mo ní amọ̀ ni, wọ́n ń lọ̀ ọ́, ó máa ń dì bí ìtọ̀ bá kàn án, àpò àpò la ń rà á.

"O ń fowó ra iyanrìn kí ológbò lè ṣu sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ó pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Ṣé kí n dì í ránṣẹ́ sí ẹ?"