Ṣé o ò ní kí bàbá ni?

Sátidé. Òjò ò rọ̀, ẹsẹ̀ sì yá. Bàtà tí mo fi ń rìn ti rọ̀ báyìí, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá kan sọ lónìí ò kúrò létí mi. British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀n ni, Room 25, nísàlẹ̀ ilé níbi tí wọ́n kó àwọn ohun Áfíríkà sí. Mo dúró níwájú orí Ifẹ̀, orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tó sì dé Lọ́ńdọ̀n ní 1939. Ìyá náà mú ọmọkùnrin kékeré kan dání, ọmọ náà sì ti ń fi ìka kan gíláàsì. Ìyá ní, "Ṣé o ò ní kí bàbá ni?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pálọ̀ ẹbí. Ọmọ wo ìyá ẹ̀, ó wo orí, ó bẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ fi kan ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà." Ọ̀sán ti pọ́n nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára tó báyìí? Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo máa ń wò tí mo bá débẹ̀: ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n, ètè tí wọn ò fa nǹkan kan sí, ọ̀dà pupa tó ṣẹ́kù lára adé, ṣóńṣó iwájú adé tó tẹ̀ díẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni mo máa ń rò. Ìyá yìí ò rí alágbẹ̀dẹ rárá. Àgbà ló rí, àgbà tó jókòó, tí ọmọdé ò gbọdọ̀ kọjá níwájú ẹ̀ láìkí i.

Bí mo ṣe ń rò ó ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ṣé inú gíláàsì ilé onílé ló yẹ ká ti máa kí bàbá wa? Òfin British Museum ti 1963 ni wọ́n máa ń nà sí wa, pé kò gba àwọn alábòójútó ilé náà láyè láti yọ̀ǹda nǹkan wọ̀nyẹn bó ṣe wù wọ́n. Horniman, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn ní Lọ́ńdọ̀n tí kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ti fi ohun 72 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní ní 1897 sórúkọ Nàìjíríà láti 2022. Ó ṣeé ṣe, ẹ ò rí i? Ṣùgbọ́n ká ní orí yìí ti padà sílé ni, ibo ni ọmọ Lọ́ńdọ̀n yẹn ì bá ti kí i? Rárá o, mi ò fẹ́ kí ìyẹn di àwíjàre fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀...

Mo fẹsẹ̀ rìn títí dé Peckham. Atẹ́gùn lórí afárá Waterloo. Ní Elephant and Castle, mo ra empanada lọ́wọ́ ará Kòlóńbíà kan, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi di ẹran, tí wọ́n wá dín. Ata tútù tó bù sí i ta yanran, ó dùn mọ́ mi. Walworth Road, Camberwell.

Rye Lane, òpópónà ọjà ní Peckham, wá gba ọkàn mi pátápátá. Iṣu Gánà nínú páálí, ẹja lórí yìnyín, orin ìjọ kan níhìn-ín, Fújì lọ́hùn-ún. Àmàlà tí mo jẹ dúdú, ó rọ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú yí i ká, epo ọbẹ̀ ata ń yọ láàárín wọn. Ìyá olóúnjẹ rí òógùn lójú mi, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, lórí "ẹ kú ìrìn" lásán.

Láti 1939, ta ló ti kí bàbá yẹn kú ìrìn?

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nígbà ìsinmi, mo máa mú wọn lọ. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún wọn, mo fẹ́ kó ti inú wọn wá. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn sọ ọ́ fún ọmọ tiẹ̀, ọmọ náà sì ṣe é tọkàntọkàn. Bóyá kí n sọ ọ́. Mi ò tíì mọ̀.