Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: mo lọ wo owó pẹ́ńṣàn mi

Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù nílé iṣẹ́ wa, mo sì wà lára àwọn tó lọ. Ìwé pẹ́ńṣàn mi wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀: ìdá 8 nínú 100 tí wọ́n yọ nínú owó oṣù mi, àti ìdá 10 tí ilé iṣẹ́ fi kún un. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dáadáa títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, ló bá dáwọ́ dúró. Ó tún yọjú díẹ̀ láàárín, ó tún pòórá. Bẹ́ẹ̀ kò sí oṣù kan tí wọn ò yọ ọ́ nínú owó mi. Gbogbo ìwé owó oṣù mi ló wà nílé, mo kó wọn jọ tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Ṣadé fi máa ń ní mo ń ṣa bébà jọ bí ìyá elẹ́pà.

Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí wọ́n fún wa pé ọjà ò yá mọ́, pé ohun tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ti wọ́n jù. Wọn ò purọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti ní kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, àwa tá a wà ní yàrá ìtọ́jú ọjà la kọ́kọ́ mọ̀, torí àwa là ń rí iye tí wọ́n ń kọ sára ẹrù. Ká má tíì sọ ti díísù. Ìjẹ̀dẹ̀ níbí ni Egbin wà o, ibùdó iná tí wọ́n kọ́ láti máa mú 1,320 megawatts wá, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ló ń pariwo ní Odógunyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn a máa bí mi nínú ju lẹ́tà tí wọ́n fún mi lọ.

Òfin iṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1974 sọ pé bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún yúníọ̀nù tàbí aṣojú òṣìṣẹ́, kí ẹni tó dé kẹ́yìn sì kọ́kọ́ lọ, àfi tí wọ́n bá ro ti ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣòótọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti lo ọdún 5 sókè, oṣù kan ni kí wọ́n fi sọ fún un ṣáájú. Wọ́n san owó oṣù kan yẹn fún èmi, mi ò ní torí pé inú ń bí mi kí n ní wọn ò san án.

Àwọn ọmọ káṣúà lọ̀rọ̀ wọn ká mi lára. Ọwọ́ kọ̀ǹtírátọ̀ ni wọ́n ti ń gbowó, ẹlòmíì nínú wọn sì ti bá ẹ̀rọ kan náà ṣiṣẹ́ pẹ́ ju àwa tá a ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n kó wa jọ sínú gbọ̀ngàn láti bá wa sọ̀rọ̀, ẹnu géètì ni wọ́n ti dá wọn padà. Wọn ò gba lẹ́tà, wọn ò gba owó ìdágbére, pẹ́ńṣàn ò sì sí tí wọ́n á lọ wò. Mo bá ọ̀kan pàdé ní Ògòlòńtò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ta omi inú ọ̀rá láàárín mọ́tò. Ó kí mi pé "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo ra omi tí mi ò fẹ́ mu.

Ìkẹjà ni mo lọ láàárọ̀ yìí, sí ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn mi. Láti gáréèjì Ìkòròdú ni mo ti wọ BRT, mo sì bọ́lẹ̀ ní Màrílàǹdì. Ìkòròdú ni mo ń gbé, Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà èrò òwúrọ̀ Máìlì 12 tí àwọn ará àdúgbò fi ń ṣàròyé, ìtàn ni mo máa ń kà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rìn ín lójoojúmọ́, mo kí yín.

Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ ní sùúrù. Ó ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí oṣù 4 sì kọjá láìrí òmíràn, lè béèrè nínú owó rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 25 nínú 100 lọ. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìjókòó níbẹ̀. Ìdá 25 nínú ohun tó wà ńbẹ̀ ni o, kì í ṣe nínú ohun tó yẹ kó wà ńbẹ̀. Mo bi í léèrè nípa àwọn oṣù tó ṣófo. Ó ní láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti sanwó oṣù ló yẹ kí owó náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, tí kò bá dé, ìtanràn wà lórí rẹ̀, kí n kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn, kí n so ìwé owó oṣù mi mọ́ ọn.

Nígbà tí mo dé, ìyá mi ti ti Ìgbógbó wá, ó ń dúró dè mí. Àwọn ẹbí ti gbọ́ pé mo gba owó díẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan ní kí n fi dá oko adìẹ sílẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní fìríìsà ẹja ló ń mówó wọlé, ẹnìkan tí mi ò rí láti ìgbà ìgbéyàwó mi pè mí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó ní òun ó dá wa lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là á wò: nínú gbogbo wọn, ta ló ń sin adìẹ? Mo sọ fún ìyá mi pé mi ò ní fọwọ́ kan owó náà títí oṣù 4 yẹn á fi pé, yàtọ̀ sí oúnjẹ àti owó ilé ìwé Ṣadé. Wọ́n wò mí títí.

"Kí lo wá fẹ́ máa ṣe lójúmọ́?"

"Mà ń wáṣẹ́, Màámi."

"Tó ò bá rí i ńkọ́?"

Mi ò dáhùn. Bàbá Ṣadé ló gbà mí sílẹ̀, wọ́n ní "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun, Mọ́mì." Owó tíṣà ni à ń jẹ báyìí, wọn ò tíì fi ẹnu kan án rí, èmi ni mo máa ń ṣírò rẹ̀ lóru.

Mo fi ọ̀rọ̀ PenCom sórí WhatsApp àwa tá a jọ kúrò. Àwọn kan ní ilé iṣẹ́ lè má pè wá padà tí a bá kọ̀wé. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni ń pè wá padà. A fẹnu kò pé ká pàdé ní Sábó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí kálukú mú ìwé tirẹ̀ wá. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wa ní yàrá ìtọ́jú ọjà, tó máa ń bá wa jà tí a bá kọ nọ́ńbà kan ṣì lára páálí, ló wá ń bi mí ní kọ̀rọ̀ pé kí ni nọ́ńbà pẹ́ńṣàn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN yẹn, pé òun ò mọ ti òun. Mo ní kí wọ́n wo lẹ́tà tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní eku ti jẹ ẹ́.