Má Sọ Nǹkan Yẹn Níbí

Etí odò la wà ní Sátidé tó kọjá. Ẹni tó bá ń gbé Saskatoon, ní Kánádà níbí, mọ ibi tí mò ń wí: ibi tí wọ́n ti fi kọnkéré dí omi lọ́nà, tí omi ń ya lulẹ̀ yàà, tí àwọn ẹyẹ òfú sì tò sí ìsàlẹ̀ bí àgbà ìjọ tó ń dúró de oúnjẹ ìkórè. Ẹyẹ ńlá funfun ni. Àpò tó wà lábẹ́ àgógó rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìkòkò ọbẹ̀ kan. Inú Sáàmù 102 nìkan ni mo ti mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tí onísáàmù ti ní òun dà bí ẹyẹ òfú ní aginjù. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá ń fi àyà lé irin ìdènà. Mo ké mọ́ ọn bí màmá mi ṣe máa ń ké mọ́ mi: “Kúrò níbẹ̀! Ṣé o fẹ́ já sódò ni?” Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì wà nítòsí. Ó rìn wá bá mi jẹ́jẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi òyìnbó sọ pé, “Mọ́mì, má sọ nǹkan yẹn níbí.”

Nǹkan yẹn. Kò tilẹ̀ pè é ní èdè. Ẹ má sì bi mí nípa “má” tó yẹ kó jẹ́ “ẹ má”. Òyìnbó ló ń sọ, òyìnbó ò sì ní “ẹ”.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ra áísìkirimù fún un. Ohun tí màmá mi ì bá fún mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, áísìkirimù kọ́.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé mò ń bú ìlú yìí o. Ó dára, ìyẹn gan-an ló ń ká mi lára. Odò kan ṣoṣo péré ni wọ́n ní, wọ́n sì ń kẹ́ ẹ bí ìyàwó tuntun. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó wà létí rẹ̀ lé ní 80 kìlómítà, èèyàn lè rìn ín títí kí bàtà já. Afárá reluwé tí wọ́n kọ́ ní 1908 ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tán, orúnkún yóò sọ ọjọ́ orí yín fún yín. Nígbà òtútù, wọ́n á da omi sílẹ̀ kó dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan tó rí bí ààfin ọba, gbogbo èèyàn á wá fi bàtà onírin yọ̀ kiri, ọ̀fẹ́ ni. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí mi ò tíì gbàgbé. Èso kékeré aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi sọ ìlú náà lórúkọ wà létí odò, ẹ lè já a jẹ bí a ṣe ń ṣe àgbálùmọ̀ tẹ́nì kan ò ṣọ́.

Odò méjì ńkọ́, tó pàdé níwájú ilé wa? Ọmọ Kàbà ni mí. Ọ̀ya àti Bẹ́núé pàdé ní Lọ́kọ́jà, ibi tí ọkọ̀ ń gbé wa kọjá lọ sí Àbújá. Mi ò lọ wò ó rí. Ẹ̀yin ará Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, ẹ má purọ́: ta ló mú yín lọ sí Lọ́kọ́jà rí nítorí eré? Ìwé la máa ń bá lọ, tàbí owó ìfẹ̀yìntì bàbá. Ohun tí mo mọ̀ nípa odò náà ni ẹja yíyan tí wọ́n ń nà sí wa lójú fèrèsé ọkọ̀. Òkè Pátì tí ilé ìsinmi Lugard wà lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń wò ó, bí ẹni ń wo àwòrán. Àwọn èèyàn máa ń ní orí òkè yẹn ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn tó wá di ìyàwó Lugard, wà tó fi sọ wá ní Nàìjíríà. Ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ló kọ ọ́ sí ní 1897, ṣùgbọ́n ti orí òkè ló dùn ún gbọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ibi tí omi méjèèjì ti ń fara kanra dáadáa, orí fóònù ni, yìnyín ń já lóde, Saskatoon ni mo wà.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn náà, a tún lọ sí Wanuskewin, ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ tó wà níbí kí òyìnbó tó dé, tí èèyàn ti ń tẹ̀ láti nǹkan bí 6,000 ọdún. Wọ́n dá àwọn ẹfọ̀n onírun padà síbẹ̀ ní 2019. Obìnrin tó ń mú wa kiri kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni èdè Cree, ọ̀kan nínú èdè àwọn onílẹ̀ náà: “Tânisi.” Ọmọ mi wí i. Ó tún un wí. Ó kí ẹfọ̀n, ó kí igi, ó kí mi. Tânisi, tânisi. Ẹnu tó ní “okun o”, ìkíni tiwa, wúwo jù.

Obìnrin náà wá sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń kó àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ ní tipátipá, tí wọ́n ń nà wọ́n nítorí èdè ìyá wọn. 1997 ni wọ́n tó ti èyí tó kẹ́yìn pa. Mo dúró, ọwọ́ mi wà nínú àpò, ojú ń tì mí. Ẹnikẹ́ni ò na ọmọ tèmi. Ṣùgbọ́n nílé ní Kàbà, kíláàsì karùn-ún ni mo wà nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí kíláàsì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ orúkọ ẹni tó bá sọ fanákúlà, ìyẹn èdè ìbílẹ̀. Náírà márùn-ún ni owó ìtanràn, ẹni tí kò bá ní á kúnlẹ̀. Mo kọ orúkọ púpọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, tíṣà yìn mí. Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé èdè Òwè, èdè Kàbà wa, nìkan ló gbọ́ nílé. Ojoojúmọ́ ni orúkọ rẹ̀ ń wà lókè.

Ní alẹ́, mo pe màmá mi. Mo fún ọmọ ní fóònù. Ó wo ojú mi, ó wo fóònù, ó ní, “Tânisi.”

“Okun, ọkọ mi,” ni màmá dáhùn. Ó rò pé ohun tí ọmọ ń wí nìyẹn, pé ẹnu ọmọdé ni kò tíì tọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò tún un ṣe.

Mo ní kó bá mi ra ẹja yíyan Lọ́kọ́jà fún ẹni tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ta ni yóò gba ọ̀nà yẹn lọ ra ẹja?” Ó ní láti ọdún tó kọjá lòun ò ti kọjá Ọ̀bájànà, nítorí àwọn ajínigbé. Ó wá béèrè bóyá ẹja wà lódò tiwa níbí.